Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìjábọ̀ Ìfiwéra Gíga Nínú Sọ́fítíwíà Ìyàwòrán Ọ̀nà

Sọ́fítíwíà tí a fi ń ya ọ̀nà kì í kọ iṣẹ́. Ilẹ̀ méjì èyíkéyìí tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀, á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, á sì tẹ ìjábọ̀ tó mọ́ tónítóní jáde. Kò ní béèrè bóyá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti wọn ọ̀kan nínú wọn, kò sì ní bi yín bóyá mítà ni ti èkejì tàbí ẹsẹ̀ bàtà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ pé bọ́tìnì ìjábọ̀ ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹ bá ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ló máa sọ bóyá èèyàn lè gbára lé nọ́ńbà tó jáde.

Civil 3D ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló mọ́ mi lọ́wọ́ jù. Orúkọ bọ́tìnì á yàtọ̀ nínú OpenRoads tàbí nínú èyí tí ẹ̀yin ń lò, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ronú rẹ̀ kò yàtọ̀. Màá fi àwọn orúkọ tí wọ́n kọ sójú sọ́fítíwíà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, bíi surface (ojú ilẹ̀ tí sọ́fítíwíà fi onígun mẹ́ta hun), alignment (ìlà tí ọ̀nà tẹ̀ lé), corridor (àwòrán ọ̀nà lódindi pẹ̀lú àwọn ìpele rẹ̀), station (bí ibì kan ṣe jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà) àti offset (bó ṣe jìnnà sí àárín ọ̀nà), kí ẹ lè dá wọn mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá wọn.

Kí lẹ fẹ́ yọ kúrò nínú kí ni?

Ìfiwéra gíga pín sí oríṣiríṣi. Bí ẹ bá fi àwòrán wé ilẹ̀ bí ẹ ṣe bá a, ohun tí ẹ ń wá ni iye yẹ̀pẹ̀ tí ẹ máa gé àti iye tí ẹ máa kún. Bí ẹ bá fi ohun tí wọ́n ti ṣe wé àwòrán, iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe lẹ ń yẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì fi ìwọ̀n tuntun wé ìwọ̀n àtijọ́ níbì kan náà, ó lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí wọ́n kún ti ń rì. Ẹ kọ èyí tó jẹ́ tiyín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan kí ẹ tó ṣí fáìlì kankan.

Àmì àròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò ló fà á tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́. Nínú Civil 3D, TIN volume surface, ìyẹn surface tó ń gbé ìyàtọ̀ gíga surface méjì, máa ń ní Base surface àti Comparison surface. Gíga rẹ̀ níbikíbi ni gíga Comparison tí a ti yọ gíga Base kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wá wò ó báyìí. Bí Base bá jẹ́ ilẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a, tí Comparison jẹ́ àwòrán, +0.150 túmọ̀ sí pé kí wọ́n kún ibẹ̀ ní mìlímítà 150. Bí Base bá jẹ́ àwòrán, tí Comparison sì jẹ́ ohun tí wọ́n ti ṣe, +0.150 kan náà túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti ga jù, kí wọ́n gé e. Àmì kan, àṣẹ méjì tó takora.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo fi ìjábọ̀ ránṣẹ́, nọ́ńbà inú rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n mi ò kọ ohun tí àròpọ̀ túmọ̀ sí sínú rẹ̀. Ẹni tó ń wa gírédà kà á bó ṣe mọ́ ọn lára níbi iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn, ló bá ń kún ibi tó yẹ kó gé. Ọ̀sán ọjọ́ kejì la tó mọ̀. Láti ìgbà náà, ohun tó máa ń wà lókè gbogbo ìjábọ̀ mi nìyí: "Gíga tí a wọ̀n, a yọ gíga àwòrán kúrò nínú rẹ̀. Àròpọ̀: ó ga jù, ẹ gé e. Ìyọkúrò: kò ga tó, ẹ kún un." Ó gba ìlà kan péré.

Ẹ yẹ ìwọ̀n wò kí ẹ tó fi wé nǹkan kan

Fáìlì tí awọnlẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ CSV: nọ́ńbà àmì (ìyẹn ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wọ̀n), easting àti northing (bó ṣe jìnnà tó sí ìlà oòrùn àti sí àríwá), gíga, àti kóòdù tó ń sọ ohun tí àmì náà jẹ́, bóyá etí ọ̀dà, àárín ọ̀nà tàbí etí gọ́tà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i nínú Excel, kí ẹ to kọ́lọ́ọ̀mù gíga láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ wá wo òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tó jẹ́ 0.000 láàárín àwọn tó wà ní mítà 87, ẹ yọ ọ́ dànù. Bó bá fi wọ inú surface, á gbẹ́ kànga síbi tí kò sí kànga, gbogbo onígun mẹ́ta tó fara kàn án á sì bà jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé àwọn àmì náà wọ inú àwòrán kí ẹ wò ó bóyá wọ́n jókòó sórí alignment. Bí wọ́n bá lọ bọ́ síbòmíràn pátápátá, ó ṣeé ṣe kí easting àti northing ti gba ipò ara wọn, torí pé ètò tí ẹ yàn nígbà tí ẹ ń kó wọn wọlé kò bá bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú fáìlì mu.

Ìpìlẹ̀ gíga ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Gíga tí GPS ń fúnni fúnra rẹ̀, orí ellipsoid, ìyẹn ìrísí ayé tí wọ́n fi ìṣirò yà, ló ti ń kà á, kì í ṣe láti ìpele òkun. Geoid, ìyẹn àwòṣe ìpele òkun káàkiri ayé, la fi ń yí èkíní padà sí èkejì, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì dọ́gba káàkiri ayé. Ní gúúsù Íńdíà, geoid fi nǹkan bíi mítà 106 wà nísàlẹ̀ ellipsoid. Ní agbègbè New Guinea, ó fi nǹkan bíi mítà 85 ga jù ú lọ. Nítorí náà, bí gbogbo ìyàtọ̀ inú ìjábọ̀ yín bá jẹ́ mítà mẹ́tàlélógún àti díẹ̀, tí kò sì yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin rẹ̀, ẹ má tíì pe agbaṣẹ́ṣe lẹ́jọ́. Ẹnì kan ló gbàgbé geoid. Irú àṣìṣe ńlá bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ burú, ojú á rí i kíá. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni ti ẹni tó fi geoid tí wọ́n ń pè ní EGM96 ṣe ìwọ̀n àkọ́kọ́, tí ẹlòmíràn wá fi EGM2008 tàbí geoid orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe ìkejì. Ìyàtọ̀ tó máa jáde lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí á fi jọ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ti wá. Ẹ béèrè orúkọ geoid lọ́wọ́ awọnlẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó bá ń fi ẹsẹ̀ bàtà ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tiyín tún ní ìṣòro mìíràn, torí oríṣi ẹsẹ̀ bàtà méjì ló wà nínú fáìlì ibẹ̀. Ti gbogbo ayé jẹ́ mítà 0.3048 gẹ́lẹ́. Ti àwọn awọnlẹ̀, US survey foot, jẹ́ mítà 1200 tí a pín sí ọ̀nà 3937. Ìjọba ibẹ̀ ti fòpin sí lílo èyí ní ìparí ọdún 2022, ṣùgbọ́n fáìlì àtijọ́ ò gbọ́ ìkéde. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ méjì nínú mílíọ̀nù kan, kò lè hàn lára gíga. Ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ ni easting àti northing: bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá jẹ́ 2,000,000, àmì náà á ṣí ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Bí àmì bá ṣí ní ẹsẹ̀ bàtà 4 lórí ìdagẹ̀rẹ́ tó ń wálẹ̀ ní ẹyọ kan fún méjì, ẹ ti rí àṣìṣe gíga ẹsẹ̀ bàtà 2 tí kò sí lórí ilẹ̀ rárá.

Ti àwòrán náà ní tirẹ̀

Corridor kì í ṣe surface. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ surface jáde lára rẹ̀, kí ẹ sì yan ìpele tí ẹ fẹ́. Top ni ojú ọ̀nà tí mọ́tò máa gùn. Datum wà lábẹ́ gbogbo ìpele, níbi tí iṣẹ́ yẹ̀pẹ̀ parí sí. (Datum yìí kì í ṣe datum tí awọnlẹ̀ ń pe ìpìlẹ̀ gíga o. Orúkọ kan náà ni wọ́n sọ ọmọ méjì.) Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ yẹ̀pẹ̀, tí ẹ wá fi wé Top, gbogbo àmì á fi nínípọn ọ̀nà náà lódindi lọ sílẹ̀. Ìpele àárín, bíi èyí tó wà lábẹ́ ọ̀dà, ẹ dá surface tirẹ̀ ṣe láti inú kóòdù ìpele yẹn gan-an.

Nígbà tí ẹ bá ń yọ surface náà jáde, ẹ fi Corridor extents ṣe ààlà rẹ̀. Láìsí i, onígun mẹ́ta á na okùn láti etí kan dé èkejì níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, á sì máa fún yín ní gíga àwòrán níbi tí kò sí àwòrán. Kí ẹ sì Rebuild corridor náà. Ẹ ti lè gbé profile (ìlà gíga àárín ọ̀nà) sókè láàárọ̀, kí corridor ṣì wà níbi tó wà lánàá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni frequency, ìyẹn bí corridor ṣe ń gbé ẹsẹ̀ tó kó tó gé ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i. Surface kò mọ ohun tó ń jẹ́ títẹ̀. Ìlà tó gún régé ló máa ń fà láti ibi tí ó gé dé ibi tí ó tún gé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ pẹ̀lú radius mítà 100, bí ẹsẹ̀ corridor bá jẹ́ mítà 20, àárín ìlà gbọọrọ náà fi mítà 0.5 jìnnà sí ibi tó yẹ kó wà: ẹ fi 20 lọ́nà 20, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 8 lọ́nà 100. Bí ẹ bá sọ ẹsẹ̀ náà di mítà 5, ó bọ́ sí mítà 0.031. Ti òkè àti ìsàlẹ̀ náà nìyẹn. Ní orí òkè tí ọ̀nà ti yí láti +2% sí −2% láàárín mítà 100, ẹsẹ̀ mítà 20 á fi surface sísàlẹ̀ àwòrán gidi ní mìlímítà 20 láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Ẹsẹ̀ mítà 5 á dín in kù sí mìlímítà kan àti díẹ̀. Tí ẹ bá ń wá àṣìṣe mìlímítà 6 lára agbaṣẹ́ṣe, kò yẹ kí mìlímítà 20 wà lára àwòrán tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Mítà 5 ni mo máa ń lò níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀ tàbí tó ti gun òkè, mi ò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀ àfi pé fáìlì á wúwo.

Ìjábọ̀ fúnra rẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ fi àmì kọ̀ọ̀kan wé surface àwòrán, tàbí kí ẹ fi odindi surface wé surface. Tó bá jẹ́ láti yẹ iṣẹ́ wò, àmì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ lò. Awọnlẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ níbẹ̀ ní tòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó wà láàárín àmì méjì nínú surface, sọ́fítíwíà ló fojú bù ú. Surface sí surface dára fún ìṣirò yẹ̀pẹ̀ àti fún àwòrán aláwọ̀ tí ọ̀gá máa wò.

Bí mo ṣe ń ṣe ti àmì kọ̀ọ̀kan nìyí.

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì àwòrán náà, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

2. Ẹ kó àwọn àmì wọlé sínú point group (àkójọ àmì) tiwọn, kí ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n wà lára orúkọ rẹ̀.

3. Nínú Toolbox, lábẹ́ Reports Manager, ẹ wá ìjábọ̀ station àti offset fún àwọn àmì, kí ẹ yan alignment yín, kí ẹ sì tọ́jú ohun tó jáde. Ẹ tún kó àmì náà jáde sí CSV pẹ̀lú gíga tí awọnlẹ̀ wọ̀n.

4. Nísinsìnyí, ẹ lo Elevations from Surface, kí ẹ yan surface àwòrán. Gbogbo àmì á bọ́ sórí àwòrán. Ẹ ṣọ́ra níbí: gíga tí awọnlẹ̀ wọ̀n ti parẹ́ lára àwọn àmì náà nìyẹn, torí ẹ̀ la fi ṣe ẹ̀dà. Ẹni tó bá ṣe é lórí fáìlì gidi, tó wá fi ohun tó kù ṣe ìfiwéra, á rí òdo látòkè délẹ̀, á sì rò pé iṣẹ́ náà dára bí ẹyin. Ẹ kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kejì.

5. Nínú Excel, ẹ fi nọ́ńbà àmì so fáìlì méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú VLOOKUP tàbí XLOOKUP. Ẹ má kàn gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó tó kí ìlà kan ṣí kí gbogbo rẹ̀ dàrú. Ẹ wá ṣe ìyọkúrò.

Ohun tí ẹ máa rí á jọ èyí (1+240 ni kìlómítà 1 àti mítà 240 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà):

| Station | Offset | Gíga tí a wọ̀n | Gíga àwòrán | Ìyàtọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| 1+240 | −3.65 | 87.378 | 87.359 | +0.019 |
| 1+240 | 0.00 | 87.454 | 87.432 | +0.022 |
| 1+240 | +3.65 | 87.376 | 87.359 | +0.017 |
| 1+260 | −3.65 | 87.480 | 87.459 | +0.021 |
| 1+260 | 0.00 | 87.552 | 87.532 | +0.020 |
| 1+260 | +3.65 | 87.477 | 87.459 | +0.018 |

Àmì tó bá wà lẹ́yìn ààlà surface kò ní gíga àwòrán. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kó má bàa wọlé bíi 0.000. Ìyàtọ̀ tó bá jẹ́ òdo gẹ́lẹ́ yẹ fún ìfura, torí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ àti èèyàn ṣe kì í pé tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ kíyè sí kọ́lọ́ọ̀mù offset. Mo ti rí àwọn tó fi gíga profile, tó jẹ́ ti àárín ọ̀nà nìkan, wé àmì etí ọ̀dà. Ọ̀nà inú àpẹẹrẹ yìí ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 2%, nítorí náà láàárín mítà 3.65, etí rẹ̀ fi mìlímítà 73 relẹ̀ ju àárín lọ. Bí ẹ bá mú 87.378 tó wà ní ìlà àkọ́kọ́, tí ẹ yọ 87.432 kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí −0.054. Ibi tó ga jù ní mìlímítà 19 ti di ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kún.

Ti surface sí surface kò gùn. Ẹ ṣe TIN volume surface, ẹ yan Base àti Comparison bí a ṣe sọ lókè, kí ẹ lọ sí Analysis nínú Surface Properties, kí ẹ sì pín gíga sí ìpele aláwọ̀. Ìwọ̀n tí ìwé àdéhùn yọ̀ǹda ni kí ẹ fi ṣe ààlà àwọ̀, ẹ má fi èyí tí sọ́fítíwíà pín fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ wo etí surface tí wọ́n wọ̀n, kí ẹ pa àwọn onígun mẹ́ta gbọọrọ tó na ara wọn lé ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹsẹ̀ tẹ̀ rẹ́.

Ẹ fi ọwọ́ yẹ mẹ́ta wò

Kí ìjábọ̀ tó jáde lọ́wọ́ yín, ẹ mú àmì mẹ́ta, ọ̀kan ní àárín ọ̀nà, ọ̀kan ní etí, ọ̀kan níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, kí ẹ ṣírò gíga àwòrán wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀nà ń gùn ní 0.5%. Mítà 20 lọ́nà 0.005 jẹ́ 0.100, 87.432 àti 0.100 jẹ́ 87.532. Ó bá ti 1+260 mu. Ẹ yọ 0.073 fún etí, ẹ rí 87.459. Bí èyí tí ẹ ṣírò bá fi ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ yàtọ̀ sí ti sọ́fítíwíà, ẹ padà sí frequency tàbí sí ìpele tí ẹ yàn.

Kíka ohun tó jáde

Ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù ìyàtọ̀ inú àpẹẹrẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ mìlímítà +19.5, kò sì sí èyí tó kéré ju 17 tàbí tó ju 22 lọ. Ọ̀nà yẹn tẹ́jú dáadáa, ó kàn ga sókè lódindi ni. Gírédà kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ńsímáàkì, ìyẹn ibi tí a ti mọ gíga rẹ̀ tí awọnlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn rẹ̀ gíga ọ̀pá tí awọnlẹ̀ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wọ́n tún bẹ́ńsímáàkì wọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó gé ohunkóhun.

Ẹ wá fi wé ẹlòmíràn tí ìyàtọ̀ tirẹ̀ jẹ́ +18, −21, +5, −14, +16, −4. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ òdo! Ẹni tó bá ka ìpíndọ́gba nìkan á ní iṣẹ́ náà pé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn ń jó lábẹ́ mọ́tò. Ohun tó ń tú u fó ni RMSE: ẹ sọ ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ wá ìpíndọ́gba wọn, kí ẹ wá square root rẹ̀. Ó jẹ́ mìlímítà 14.5. Nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, RMSE jẹ́ 19.6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìpíndọ́gba rẹ̀. Bí méjèèjì bá sún mọ́ra báyìí, àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra, iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ lọ wò. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìjábọ̀.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ kan ìwọ̀n tí wọ́n yọ̀ǹda, ìwé àdéhùn yín ló sì ni àṣẹ lórí ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ máa bá nọ́ńbà kan náà lókè àti nísàlẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìlànà iṣẹ́ òpópónà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ọ̀nà gba ±6 mìlímítà, sub-base, ìpele òkúta tó wà lábẹ́ ọ̀dà, gba +10 àti −30, formation tó wà nísàlẹ̀ pátápátá gba +20 àti −30. Wọn kò fẹ́ kó ga, torí pé ìpele tó bá ga ń jẹ nínú nínípọn èyí tó máa gorí rẹ̀; èyí tó bá relẹ̀, wọ́n á fi ìpele òkè dí i. Nítorí náà, ẹ má fi absolute value ṣe àyẹ̀wò, á pa àmì àròpọ̀ àti ti ìyọkúrò rẹ́. Fún sub-base, bí ìyàtọ̀ bá wà ní kọ́lọ́ọ̀mù E, ohun tí mo máa ń kọ nìyí:

=IF(OR(E2>0.010,E2<-0.030),"X","")

Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lókè ló máa gba X níbẹ̀. Ká ní formation ni, méjì péré ló máa gbà á.

Ohun tó yẹ kó bá ìjábọ̀ lọ

Lábẹ́ ìlà tó sọ ìtumọ̀ àròpọ̀ àti ìyọkúrò, ẹ kọ orúkọ surface méjèèjì bí ó ṣe wà nínú fáìlì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìwọ̀n, ìpele tí ẹ fi wé, frequency corridor, ìpìlẹ̀ gíga àti geoid, iye àmì tí ẹ lò àti iye tí ẹ yọ pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi yọ wọ́n. Kí PDF lọ sọ́wọ́ ọ̀gá, kí CSV bá a lọ fún ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣírò. Ẹ má sì pa nọ́ńbà àmì rẹ́ nítorí pé ẹ fẹ́ kí tábìlì rẹwà: bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun ò gbà, nọ́ńbà yẹn ni awọnlẹ̀ máa tẹ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti padà lọ dúró síbẹ̀ gan-an kó tún un wọ̀n.